Bíbélì Ìdána Tó Ń Lé Mi Kiri Òṣogbo

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tójú mi ti rí láyé, ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń wá ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ Bíbélì kan ní Òṣogbo kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ẹ má tíì bú mi o. Ọmọ ìjọ ni mí. Ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí ní Iléṣà, mo sì ti mọ orin ìyìn sórí kí n tó mọ ìwé kà. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mò ń sá fún. Bíbélì kan ṣoṣo yẹn ni, nítorí pé Bíbélì ìdána ni, ẹni tó sì fi ṣe ìdána náà ti fẹ́ ẹlòmíì.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kó ẹrù ìdána sílẹ̀ bẹẹrẹbẹ, iṣu, oyin, iyọ̀, agboòrùn, àpótí aṣọ. Alága á ní kí ìyàwó lọ mú ohun tó wù ú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìyàwó tó bá gbọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ àpótí aṣọ kọjá bí ẹni tí kò rí i, á lọ gbé Bíbélì tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù so òrùka mọ́, gbogbo ilé á sì hó yèè. Èmi náà gbé e. Mi ò ní purọ́ fún yín, àpótí aṣọ yẹn wọ̀ mí lójú, ṣùgbọ́n Bíbélì ni mo gbé.

Ọkùnrin náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, kò tó bẹ́ẹ̀, ṣe ìdána tán, ó gba òkè òkun lọ. Ó ní bí òun bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun á wá mú ìyàwó. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lóòótọ́. Ó sì mú ìyàwó. Ìyàwó ọ̀hún kàn kì í ṣe èmi ni. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ àforíjì, bàbá mi dìde nàró ní pálọ̀, wọ́n ní, "Ẹ kó gbogbo ẹrù yín kúrò nílé mi!" Gbogbo ẹrù kẹ̀? A ti fi iṣu gúnyán, a ti lá oyin, iyọ̀ ti wọ ọbẹ̀. Wọ́n kó èyí tó ṣẹ́ kù. Wọ́n mú òrùka, wọ́n gbé àpótí aṣọ. Nígbà tó kan Bíbélì, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ta ni yóò ki Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ abíyá jáde nílé ìyàwó bí ẹni tó jí adìẹ gbé? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bó ṣe ṣẹ́ kù sí mi lọ́rùn nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti Màmá Dúpẹ́, ìyá ọkùnrin yẹn. Wọ́n fẹ́ràn mi bí ọmọ. Àwọn àti ìyá mi ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ọmọge wọn. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yìí bàjẹ́, ọ̀kan ń lọ ìsìn àkọ́kọ́, èkejì ń lọ ìsìn kejì, kí ojú wọn má baà pàdé. Èmi náà, bí mo bá lọ sílé ní Iléṣà, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà kọjá kí n má baà gba iwájú ilé Màmá Dúpẹ́.

Ọdún gorí ọdún. Mo ríṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, mo gba yàrá ní Alékúwodò ní Òṣogbo, Ọlọ́run sì fi Ṣẹ́gun ta mí lọ́rẹ. Ọmọ Òṣogbo ni, ó ń tún fíríìjì ṣe. Kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ kan nǹkan tó bàjẹ́, nǹkan náà á tún ara rẹ̀ rò. Mo ti sọ ìtàn ọkùnrin àkọ́kọ́ fún un pátá. Ohun tí mi ò sọ ni pé Bíbélì ọ̀hún ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi, lábẹ́ àwọn aṣọ òtútù, àti pé wọ́n kọ orúkọ wa sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ gàdàgbà, Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin, pẹ̀lú orúkọ ìdílé ọkùnrin yẹn nídìí orúkọ mi.

Ìdána èmi àti Ṣẹ́gun kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ní òun ń bọ̀ wá bá mi di ẹrù. Ẹ bá mi rò ó wò: ṣé kí n gbé Bíbélì ìdána ọkùnrin kan wọ ilé ọkùnrin mìíràn? Àyà mi ń já pé èkejì yìí náà á bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè fara da irú ìtìjú yẹn lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fẹ́ràn Ṣẹ́gun gan-an.

Bíbélì kò ṣé jù nù. Ká dáná sun ún? Háà, kì í ṣe ẹnu tèmi lẹ ti máa gbọ́ ọ. Mo ní kí n ya ojú ewé orúkọ yẹn kúrò, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo tún dá a padà sáyè rẹ̀. Mo gbé e lọ ta ọ̀rẹ́ mi kan lọ́rẹ níbi iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣí i, ó rí orúkọ, ó sì sọ ọ́ padà sí mi lọ́wọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi náà ṣì ń wá ọkọ."

Ni mo bá dá ọgbọ́n ọkọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ bọ́ọ̀sì Àbẹ̀rẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rọra ti Bíbélì náà sáàárín àga àti ara ọkọ̀. Èrò mi ni pé ẹni tí ebi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń pa ni yóò rí i. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún ẹni náà. Bí ọkọ̀ ti dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń mi apá bí obìnrin tí kò gbé ohunkóhun kúrò nílé.

Mi ò tíì kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. "Aǹtí! Aǹtí aláṣọ pupa! Ẹ gbàgbé Bíbélì yín o!" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣebí aṣọ pupa pọ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀. "Ẹ bá wa pe Aǹtí yẹn!" ni gbogbo inú ọkọ̀ wá ń ké. Ká ní pọ́ọ̀sì mi ni mo gbàgbé, bóyá ni ẹnikẹ́ni ì bá là mí lóye. Ṣùgbọ́n Bíbélì kẹ̀? Dẹ́rẹ́bà yí ọkọ̀ padà, tòun ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọkùnrin kan tó wọ táì bẹ́ sílẹ̀, ó gbé Bíbélì dání, ó ń sáré bọ̀. Èmi náà ki eré mọ́lẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Èmi kọ́ ni mo sáré, ẹsẹ̀ mi ni.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí obìnrin tó ń sáré, wọ́n rí ọkùnrin tó ń lé e, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbá baba oníbaba mú ní táì. "Bíbélì ni! Bíbélì rẹ̀ ni mo gbé dání!" ló ń pariwo. Ojú gbà mí tì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀, mo gba Bíbélì mi, mo dúpẹ́. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Màdáámù, ẹni tó bá ń sá fún Bíbélì báyìí, ẹ lọ bá wòlíì yín sọ̀rọ̀." Ọ̀gá mi obìnrin ti dúró sí tòsí tí wọ́n ń wò. Wọn ò gbọ́ gbólóhùn yẹn o, Bíbélì ńlá ni wọ́n rí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé irú Bíbélì báyìí wá síbi iṣẹ́ ló yẹ kó máa darí àdúrà òwúrọ̀ ní ọ́fíìsì wa. Títí di òní, èmi ni mò ń darí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo lọ bá Alàájà, onílé mi. Ìdílé Mùsùlùmí àtijọ́ ní Òṣogbo ni wọ́n ti wá, ẹ̀rù Ọlọ́run sì wà lára wọn. Mo ní kí n fi ọgbọ́n bi wọ́n.

"Alàájà, ẹ jọ̀ọ́, tí Kùránì bá di èyí tẹ́ ẹ ò lò mọ́, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Tó bá ti gbó, tí ewé rẹ̀ ń já, a ó fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e. A ó wá ibi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀, a ó gbẹ́lẹ̀, a ó rọra tẹ́ ẹ síbẹ̀ pẹ̀lú bísímílà. Kí ló dé? Ṣé Bíbélì ẹ ti gbó ni?"

"Kò gbó, mà."

"Ewé rẹ̀ ń já?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá pa á?"

Mo kan rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí nǹkan kan.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ará ilé ti lọ kírun àsùbáà, mo yọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Mo ti fi aṣọ ìtẹ́sùn funfun tuntun wé Bíbélì náà, ó sì rí nigínnigín. Ìdí ìbẹ́pẹ ni mo gbẹ́ ihò sí, torí ẹnikẹ́ni kì í rìn débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé ọwọ́ méjèèjì, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí mi, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fi í ṣe ìdána ni.

Àfi "Aùsù bílàhì!" lẹ́yìn mi. Bàbá Múfú ni, ayálégbé tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, tí wọ́n ń ti mọ́sáláṣí bọ̀. Bútà tí wọ́n gbé dání já bọ́, omi ṣàn dé orókún mi.

Ẹ gbọ́, mi ò bá bàbá náà wí. Obìnrin, ìdájí, ìkúnlẹ̀, ẹnu tó ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́, ihò, nǹkan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Yorùbá wo ló máa rí gbogbo ìyẹn tí yóò sọ pé Bíbélì ni? "Ẹ wá o!" ni Bàbá Múfú ń ké. "Ẹ wá wo Ìjẹ̀ṣà yìí! Ó ń ri nǹkan mọ́lẹ̀ fún wa nínú ilé!" Kí n tó ṣẹ́jú, ilé ti tú jáde. Ẹlòmíì fi bùrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ẹlòmíì so aṣọ mọ́dìí lásán. Mo ní kì í ṣe ohun tí wọ́n rò. Wọ́n ní kí n tú u. Mo ní kí ẹnì kan wá bá mi tú u kó lè dá wọn lójú. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn.

Mo tú u. Ìyàwó Bàbá Múfú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní, "Yéè! Ó ń sin Bíbélì láàyè!"

Kí n má purọ́, mo bú sẹ́kún. Nígbà náà ni Alàájà dé, wọ́n wo ihò, wọ́n wo aṣọ funfun, wọ́n wò mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara ògiri mú. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo gbàgbé láti sọ fún un pé kó jẹ́ kó kú ná ni." Ọlọ́run ló ní kí obìnrin náà dé lákòókò. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, òkèèrè ni Bàbá Múfú ti máa ń kí mi.

Ọjọ́ Sátidé ló kan èmi láti gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ẹ̀yìn pátápátá, lójú fèrèsé, a ní ibi kan tí wọ́n ń kó ohun tí àwọn èèyàn gbàgbé sí. Bàtà ọmọdé wà níbẹ̀, agboòrùn wà níbẹ̀, ìwé orin àti Bíbélì tí alántakùn ti ta sí lára wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè wọn. Mo ní, wò ó bí ojú mi ṣe fọ́ tó! Kí ló tún dára tó kí Bíbélì máa gbé nílé Ọlọ́run? Mo sáré lọ gbé e wá láti ilé, mo nù ún, mo gbé e síbẹ̀, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bí mo ṣe ń padà sílé, mo ń kọrin lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kejì ni Ṣẹ́gun kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, kí àwọn àgbà ìjọ lè rí i kí ìdána tó tó. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa, ó jókòó tì mí, ara mi fúyẹ́. Mo kọrin débi pé ẹni tó wà níwájú mi bojú wẹ̀yìn. Ó wá kan ìkéde. Akọ̀wé ìjọ ṣe ìkéde ìpàdé, ó ṣe ti aláìsàn, ó wá gbé nǹkan sókè.

"Ẹnì kan gbàgbé Bíbélì olówó ńlá yìí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì," ló wí. "A dúpẹ́ pé orúkọ wà nínú rẹ̀."

Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlẹ̀ lọ. Ó kà á ketekete. Ó ka Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin, ó ka orúkọ àbísọ mi, ó wá fi orúkọ ìdílé ọkùnrin yẹn dé e. Ó ní, "Kí tọkọtaya náà jáde síwájú, kí ìjọ lè mọ̀ wọ́n." Ìyá kan lẹ́yìn wa tó mọ orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Àwọn nìyí! Àwọn nìyí! A ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ṣègbéyàwó!" Gbogbo ojú yí sí wa. Mi ò lè dìde, mi ò lè sọ pé kì í ṣe èmi, mi ò lè wo ojú Ṣẹ́gun.

Ṣẹ́gun ló dìde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí rọra, a sì rìn lọ síwájú. Akọ̀wé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o," ó sì fi orúkọ ìdílé ọkùnrin yẹn pè é. Ṣẹ́gun tẹríba, ó gba Bíbélì, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà ọmọ fún wa. Ó ṣe àmín.

Ìgbà tí a wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ tó fi ń kó fíríìjì ni mo tó rí ojú rẹ̀. Kò ṣíná ọkọ̀. Ó gbé Bíbélì lé itan, ó ń wo iwájú.

"Mo ti jẹ́ orúkọ ọkùnrin yẹn lójú gbogbo ìjọ," ló wí. "Ó kù kí n máa jẹ́ ẹ nílé."

"Ṣẹ́gun, jọ̀ọ́..."

"Kì í ṣe Bíbélì ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé o ń sá fún mi. Ṣé o rò pé màá bù ọ́ jẹ ni?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ti bọ́ọ̀sì, ti táì ọkùnrin yẹn, ti ìdí ìbẹ́pẹ. Nígbà tí mo dé orí "ó ń sin Bíbélì láàyè", mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo ẹnu, torí ó ṣì ń bínú. Ó wá bi mí léèrè ẹni tó ra Bíbélì náà gan-an. Mo ní Màmá Dúpẹ́ ni, ní Iléṣà. Ó ní, "O gbé e kiri gbogbo Òṣogbo, o fún ilẹ̀, o fún ọkọ̀, o fún ṣọ́ọ̀ṣì. O ò rántí fún ẹni tó ni ín?" Mo ní ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ó ní, "Èmi ò lè ṣe ìdána lórí ìdána tí kò tíì parí. Bí a bá dá a padà lónìí, a ó máa bá tiwa lọ. Bí a ò bá dá a padà, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílé ẹ̀." Ó ṣíná ọkọ̀, ó kọjú sí ọ̀nà Iléṣà.

Mi ò lè sọ ohun kan tí mo rí lójú ọ̀nà. Fíríìjì kan tó ń lọ tún fún oníbàárà ń lu ẹ̀yìn ọkọ̀ gbà-gbà-gbà, àyà tèmi náà ń lù. Ìgbà tí a dé, Màmá Dúpẹ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ti gbó sí i. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n rí Bíbélì lọ́wọ́ mi, àtẹ ẹ̀wà bọ́ lórí itan wọn. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹ̀wà.

Wọn ò kí mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé bàbá ẹ ló ní kó o gbé e wá?"

"Rárá, mà. Èmi fúnra mi ni."

"Ṣé ìbínú lo fi gbé e wá, àbí inú rere?"

"Inú rere ni, mà. Mo fẹ́ lọ sílé ọkọ."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba Bíbélì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbá a mọ́ àyà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe ẹkún kékeré. "Àṣé ìwọ ò mọ̀," ni wọ́n ń wí. "Òrùka padà, àpótí padà, Bíbélì kò padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí rẹ̀. Mo ní ìyá ẹ ló dì í mú, tó ń fi ẹjọ́ wa sun Ọlọ́run lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ara ọmọ mi ò bá yá lókè òkun, mo máa ń ní Bíbélì yẹn ni. Mi ò lè wo ojú ìyá ẹ. Mo ti gbààwẹ̀ títí, mo ní kí Ọlọ́run fi sí yín lọ́kàn kẹ́ ẹ dá a padà, kí n lè mọ̀ pé ẹ ti dárí jì wá."

Orí mi wú. Ohun tí mò ń wá ẹni tó máa bá mi gbà kiri, ìyá àgbàlagbà kan jókòó tó ń fi ààwẹ̀ retí rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní, "Mà, ìyá mi ò fi ẹjọ́ yín sun ẹnikẹ́ni. Abẹ́ aṣọ òtútù ló wà láti ọjọ́ yìí." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Aṣọ òtútù?" Wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ikun ń já bọ́. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dìde, wọ ulé," bí a ti ń sọ ọ́ nílẹ̀ wa, wọ́n sì pe Ṣẹ́gun náà wọlé.

Wọ́n gbé Bíbélì lé wa lórí, wọ́n gbàdúrà fún wa. Àdúrà náà gùn. Ní àárín rẹ̀, wọ́n fi orúkọ ọmọ wọn pe Ṣẹ́gun. "Ṣẹ́gun ni, mà," ló wí láìlajú. Wọ́n ní, "Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí," wọ́n sì ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, inú wọn dùn débi pé wọ́n na Bíbélì náà sí wa. Wọ́n ní, "Ẹ gbà, ọmọ mi. Ẹ̀bùn tèmi fún ilé yín tuntun nìyí." Èmi àti Ṣẹ́gun jọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, "Rárá, mà!" Ṣẹ́gun sún sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sórí àga tí wọ́n sá ẹ̀gúsí sí.

A ṣe ìdána wa. Bíbélì tí àwọn èèyàn Ṣẹ́gun gbé wá mọ́ tónítóní, kò sórúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo mọ̀, torí mo ṣí i wò níwájú gbogbo èèyàn kí n tó gbé e, alága sì ní òun ò rí irú ìyàwó tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹrù bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé ẹrù tí wọ́n bá gbé karí ẹni, ẹni tó gbé e kani ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ní ohun mímọ́ kan nílé tí kò wúlò fún yín mọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnì kan ń retí rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé èyí tí a lọ sí Iléṣà, ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní Màmá Dúpẹ́ wá jókòó tì wọ́n ní ìsìn àkọ́kọ́, ó kàn ní kí wọ́n sún, wọ́n sì sún. Wọ́n ní obìnrin náà ń kọrin ju bó ti yẹ lọ, pé etí ń dun àwọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ní láti jókòó, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé abẹ́ aṣọ òtútù mi ni mo tọ́jú àlàáfíà ìyá méjì sí.